Ọ̀bọ Ọlọ́fun Funfun àti Ẹ̀dá tí Kò Ní Ọpọlọ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀dá Ọlọ́hun méjì ni a fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n lónìí.

Èkíní ni ọ̀bọ kan tí irun ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú. Ó wà nínú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Irú rẹ̀ tí àyà rẹ̀ pupa wà nínú igbó Lama ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ẹnubodè wa. Ó lójú, ó létí, ó sì gbọ́n. Ó ń jẹ èso. Ibi tí ó bá ju kóró sí, igi mìíràn lè hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn ọdẹ àti ayùn agégẹdú ti dín in kù débi pé ó lè parun. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan: ní erékùṣù Madagásíkà, lemur, ìbátan ọ̀bọ, pín sí irú 107, ní ọdún 2020, àjọ IUCN kéde pé 33 nínú wọn ti dé bèbè ìparun.

Èkejì ni èyí tí òyìnbó ń pè ní slime mould. Ó ń yọ̀, òmíràn ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ń tàn lórí igi jíjẹrà lásìkò òjò. Kì í ṣe olú, kì í ṣe ewéko, kì í ṣe ẹranko. Kò lójú, kò ní ọpọlọ. Síbẹ̀ ó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ wá oúnjẹ. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Japan fi í sínú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n fi oúnjẹ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Ó kúrò ní gbogbo ibi tí kò já síbì kan, ó sì na ara rẹ̀ sí ọ̀nà tí ó kúrú jù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò le gbagidi, yóò sùn. Bí omi bá kàn án, yóò jí.

Kí ni ìwọ̀n wá sọ? Aláìní-ọpọlọ lè dúró de òjò. Ọ̀bọ ọlọ́gbọ́n kò lè sùn de ìgbà tí igbó tí a gé yóò tún hù.

Púpọ̀ nínú wa ní Ìlaròó àti Ayétòrò yóò sọ pé àwa kì í jẹ ọ̀bọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èédú tí a fi ń dáná àti pákó tí a fi ń kan òrùlé, inú igbó ni wọ́n ti wá. Ẹni tí ó bá gé igi kan, kí ó gbin méjì.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́:
1. Kí ni ọ̀bọ ń ṣe fún igbó?
2. Kí ni slime mould lè ṣe nígbà ọ̀dá tí ọ̀bọ kò lè ṣe?
3. Igi mélòó ni a ti gbìn nílé yín?