Ọwọ́ Òsì, Ọwọ́ Ọ̀tún: Bí A Ṣe Ń Mú Ẹṣin Ọ̀lẹ Rìn

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọmọ nìkan kọ́ ni òwe yìí wà fún. Ẹni tó ní ẹṣin tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tó ń yà lọ jẹ koríko lẹ́bàá ọ̀nà, tí a ní kó lọ tó kọ̀ jálẹ̀, kí olúwarẹ̀ fetí sí i dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun ń múra ẹṣin sílẹ̀ de ọjọ́ kẹta Iléyá, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹṣin kúkúrú pupa kan. Ó ń fi gìgísẹ̀ lu ìhà rẹ̀, gbì, gbì, gbì, láìsinmi. Ẹṣin dúró gbagidi, ó ká etí sẹ́yìn, ó ń ju ìrù.

"Bàbá, ọ̀lẹ ni," ni ọmọ náà wí fún àgbàlagbà tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin ibẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀ ná, ọmọ mi."

Bàbá tú gàárì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹṣin láti èjìká lọ sí ìbàdí. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dé àárín, awọ ẹṣin gbọ̀n rìrì. Egbò kan tí kò ju kọ́bọ̀ lọ ni gàárì ti dá síbẹ̀. Ohun tí ọmọ náà pè ní ọ̀lẹ, ìrora ni.

Nítorí náà, kí pàṣán dúró ná. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹṣin wò. Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, nítorí eyín ẹṣin kì í yé yọ. Etí eyín a máa mú, a sì máa gé e lẹ́rẹ̀kẹ́ nínú, ìjánu á wá di ìyà. Ẹ gbé pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Omi ńkọ́? Nínú ooru, ẹṣin lè mu tó 40 lítà lóòjọ́. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, tó ń rù, tí ara rẹ̀ gbóná ju 38.5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ pe dókítà ẹranko. Ó lè jẹ́ aràn, ó sì lè jẹ́ àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó ti ń pa ẹṣin nílẹ̀ igbó láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin ogun láti Òkè Ọya.

Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá tí kò sì fẹ́ rìn, àwa tí à ń gùn ún la sábà máa ń bà á jẹ́. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kì í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìhà tí a ń lù láìdákẹ́.

Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún un níhà pẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ka ení, èjì. Bí kò bá lọ, ẹ fi pàṣán kàn án lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó máa yé e. Ọwọ́ òsì nìyẹn. Bó bá ti gbéra, ìbáà ṣe ìṣísẹ̀ kan péré, ẹ tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ dẹ okùn ìjánu, ẹ fi ọwọ́ pa á lọ́rùn. Ọwọ́ ọ̀tún nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, ẹṣin kò ní mọ ohun tó ṣe tí ẹ fi ń yìn ín. Bó bá sì fò síwájú lójijì, ẹ má fa ìjánu: ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ní "lọ" kí ọwọ́ ní "dúró".

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ mú un jáde kúrò nínú pápá kan náà tó ti sú u, kó tẹ̀ lé ẹṣin tí ara rẹ̀ yá lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Bó bá yá, kí wọ́n jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà kó bọ́ síwájú. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ọjọ́ kan. Ìgbà tó bá dáhùn dáadáa ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kó lè mọ̀ pé ìsinmi ni èrè ìgbọ́ràn.

Ọjọ́ kan á wà tí yóò tún kọ̀. Ẹ má bínú. Bí ẹṣin bá dáni, à ń tún un gùn ni. Bó bá kọ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ pẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó gun ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá kí ẹ tó mọ ẹṣin yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ lè fi lílù mú ẹṣin dé ojúde, ṣùgbọ́n etí tó ká sẹ́yìn yẹn, gbogbo èrò ìwòran ni yóò rí i.