Ìgò Àgbo Ọlọ́mú Ńlá: Ṣé Kí N San Owó Tó Kù?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Ìbẹ̀fun ni mí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ. Ọmọ ọdún 26 ni mí, ìgbéyàwó mi sì ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Láti kékeré ni ọmú mi ti kéré. Mi ò kà á sí rárá, àfi lọ́jọ́ tí a lọ yan léèsì ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wò mí lókè wò mí nílẹ̀, tí wọ́n ní, “Ìyàwó wa, èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn?” Gbogbo ìsọ̀ ló bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àgbo. Ìgò kan wà fún mímu láàárọ̀ àti lálẹ́, agolo ìpara kan sì wà fún fífi pa ọmú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ní yóò gbà. ₦18,000 ni méjèèjì, mo sì ti san ₦9,000 sílẹ̀. Ó fi fọ́tò àwọn tó ti lò ó hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní ewé àti egbò lásán ni, pé kò lè pa ènìyàn lára. Mo sì rí nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò náà. Ọ̀rẹ́ mi yìí náà ń mu ún, ó ti lé lóṣù méjì. Lóòótọ́ ó ti sanra, ojú rẹ̀ kún dáadáa, oúnjẹ sì ń wù ú jẹ ní gbogbo ìgbà.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá mi àgbà ní kí n fowó mi pamọ́, pé èso pàǹdòrò ni àwọn fi ń pa á láyé ìgbà tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mo bá bímọ, irú ọmú báyìí ò ní lómi tó fún ọmọ.

Aránṣọ, Ìbẹ̀fun

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀ kún un. Lọ fi sùúrù bèèrè ₦9,000 tó o ti san. Mo mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá kọ̀ tí kò dá a padà, fi í sílẹ̀ fún un.

Má rò pé mo wà lára àwọn tó ń fojú di ewé o. Ewé lágbára. Aṣọ́fẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní reserpine, tí àwọn dókítà náà fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá sì mu ún ju bó ṣe yẹ lọ, yóò dá a gúnlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ewé ṣe rí nìyẹn: èyí tó bá lè ṣe ara ní nǹkan, ó lè ṣe é léṣe pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí alágbo yìí ní àgbo òun yóò sọ ọmú rẹ di ńlá lọ́sẹ̀ mẹ́ta, tó tún ní kò lè pa ọ́ lára, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́.

Ọ̀rá ni, àti àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe wàrà, ló wà nínú ọmú. Ohun tó ń mú un yọ nígbà tí ọmọbìnrin bá ń bàlágà ni hòmóònù tí wọ́n ń pè ní estrogen, tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe. Bí ìgbà yẹn bá ti kọjá, oyún ló kù tó lè mú ọmú tóbi, tàbí ọmọ tó ń mu ún, tàbí kí ènìyàn sanra. Ó tún máa ń wú díẹ̀ bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, á sì padà. Ìgò yòówù tó bá máa mú un tóbi lóòótọ́, ó ní láti ní ohun tó ń ṣe bí estrogen nínú, tàbí ohun tó ń mú ara sanra tàbí wú. Bí kò bá ní ọ̀kankan, omi ewé lo rà, owó rẹ nìkan ló lọ. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní Thailand, egbò kan wà tó ń jẹ́ Pueraria mirifica, tó ní ohun tó jọ estrogen nínú lóòótọ́. Òun ni wọ́n ń lọ̀ sínú ọ̀pọ̀ hóró àti ìpara ọlọ́mú ńlá tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Hulba tí àwọn ìyá wa kan máa ń mu kí wàrà lè wá, wọ́n ń fi òun náà kún un. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Wellquest polówó hóró tirẹ̀, Bloussant, lórí tẹlifíṣọ̀n títí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Ní 2003, FTC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó ẹ̀tàn níbẹ̀, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé wọn ò ní ẹ̀rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ọdún náà ni dókítà kan, Adriane Fugh-Berman, tú gbogbo irú ọjà bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò, kò sì rí ìwádìí kankan tí wọ́n ṣe lára ènìyàn tó fi hàn pé wọ́n ń mú ọmú tóbi. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni ohun tí àwọn tó bá jọ estrogen nínú wọn lè ṣe lára bí ènìyàn bá ń lò wọ́n lọ. Estrogen tí dókítà kò wọ̀n fúnni lè da nǹkan oṣù rú, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, jẹjẹrẹ ọmú kan sì wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń bọ́ ọ. Ìwọ tó o fẹ́ wọlé ọkọ lóṣù Kejìlá, tí oyún lè dé nígbàkígbà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tìrẹ.

Ní ìhà tiwa níbí, àwọn ìgò tó ń mú ara sanra ló wọ́pọ̀. Nígbà tí orin Bobaraba ti DJ Mix àti DJ Eloh gba Abidjan kan ní 2008, tí gbogbo ènìyàn ń jó ijó ìdí ńlá, kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi gbé ìpara àti abẹ́rẹ́ jáde, wọ́n ní ó ń mú ìdí tóbi. Apetamin, oògùn olómi tí àwọn ọmọbìnrin ń rà káàkiri, láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù, cyproheptadine ló wà nínú rẹ̀. Oògùn ara yíyún ni cyproheptadine, oorun àti ebi ló ń fà. BBC ṣe fíìmù lórí rẹ̀ ní 2021, nítorí ohun tójú àwọn tó mu ún rí. Dexamethasone tún wà, hóró kékeré tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, tí àwọn obìnrin ti ń lò tipẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí wọ́n lè sanra. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ sínú àgbo, ta ni yóò tọ́ ọ wò tí yóò mọ̀?

O ní o rí nọ́ńbà NAFDAC. Padà lọ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà L ló máa ń kẹ́yìn nọ́ńbà wọn, wọ́n á sì kọ ọ́ wínníwínní sára páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ọjà náà ń ṣèlérí wò. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ó ṣeé lò. Pé ó ń mú ọmú tóbi, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Tún wo orúkọ ẹni tó ṣe é, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ ti ọtí kíkorò tàbí ti omi inú ọ̀rá, ìwọ kọ́ ló máa kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. NAFDAC ní Greenbook lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó o ti lè yẹ ọjà wò kó o tó rà á.

Ti fọ́tò, aránṣọ ni ọ́, ìwọ ló yẹ kó o kọ́ wa. Wo okùn bírà nínú fọ́tò àkọ́kọ́, kó o wo ti èkejì. Wo bí ọwọ́ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti bóyá ẹni náà ti sanra lọ́rùn àti lápá.

Ìyá rẹ àgbà kò purọ́ o. Pàǹdòrò jẹ́ ohun tí wọ́n ń lò fún ọmú níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, àwọn òyìnbó náà sì ti ń fi í sínú ìpara tiwọn. Bí èso rẹ̀ ṣe gùn tó sì wúwo, tó ń rọ̀ dirodiro lórí igi, kò ṣòro láti mọ ohun tó gbé èrò náà wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú ọmú tóbi, àti pé èso tútù rẹ̀ kì í ṣe nǹkan jíjẹ, inú yóò run ẹni tó bá dán an wò. Síbẹ̀, ti ìyá rẹ àgbà ṣì sàn. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, kòkòrò inú omi ni àwọn ọmọdébìnrin ń mú, tí wọ́n á jẹ́ kó bu orí ọmú wọn jẹ kó lè tètè yọ.

Ní ti wàrà, fọkàn balẹ̀. Ọ̀rá ló ń mú ọmú kan tóbi ju òmíràn lọ, ọ̀rá kì í sì í ṣe wàrà. Ọmọ tó bá ń mu ún dáadáa tó sì ń mu ún léraléra ni wàrà ń pọ̀ fún. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa ṣọ́ ni kókó tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń jáde lórí ọmú nígbà tí kò sí oyún, tàbí awọ ibẹ̀ tó ń fà wọlé. Ìyẹn ni ká gbé lọ sọ́sibítù, kì í ṣe sọ́dọ̀ alágbo.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, má dá a lóhùn. Sọ fún ọkọ rẹ, kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, fi kọ́ọ̀pù tó ò ń rán sínú búláòsì àwọn ìyàwó ẹlòmíì sínú tìrẹ, bó bá wù ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ ló kàn mí jù nínú lẹ́tà rẹ. Ojú tó kún, ebi tí kì í lọ, ara tó sanra lóṣù méjì: bí dexamethasone ṣe ń ṣe ènìyàn gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà sì lè tẹ̀ lé e. Má sọ fún un pé kó da ìgò náà nù kó sì dákẹ́. Ara wa ń ṣe hòmóònù kan tó jọ dexamethasone fúnra rẹ̀. Bó bá ti ń rí i láti ìta fún ìgbà pípẹ́, yóò dáwọ́ dúró, ẹni tó bá wá já oògùn náà lójijì lè dá kú. Kó gbé ìgò àti agolo ìpara náà dání lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì sọ bí yóò ṣe fi í sílẹ̀. Bójú bá ń tì í láti ṣàlàyé, bá a lọ.