Bí A Ṣe Ń Pín Owó Ìfẹ̀yìntì Nígbà Tí Ọjà Kò Dúró Sójú Kan

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà. Oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n fi náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tí báǹkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 470 náírà ti lé ní 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọ̀wọ́ngógó dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ti fi mílíọ̀nù kan náírà pamọ́ de ọjọ́ ogbó ṣì ní mílíọ̀nù rẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ohun tó lè fi rà ti dín kù jọjọ.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún fi ń béèrè pé: níbo lọjà ń lọ? Ṣé ká ra dọ́là ni, àbí ilẹ̀, àbí ṣíà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí náírà máa wà lọ́dún mẹ́ta sí àsìkò yìí, bó ti wù kó wọ kóòtù tó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa lè mọ ìgbà tí òun máa nílò owó òun. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ wá fi mẹ́ta pín in. Ẹ má yọ nǹkan kan sílẹ̀: oúnjẹ, gáàsì, iná mànàmáná, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó mọ́tò, dátà, owó ẹgbẹ́, ohun tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sílé. Aṣọ ẹbí àti owó àríyá ni èèyàn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé, bẹ́ẹ̀ wọn kì í dáwọ́ dúró nígbà tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì. Wọ́n tiẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, torí àsìkò yẹn ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń ṣègbéyàwó.

Ká ní tọkọtaya kan ní Ìbàdàn ń ná 150,000 náírà lóṣù. Bí ọ̀wọ́ngógó bá wà ní 20% lọ́dọọdún, 150,000 yẹn di 180,000 lẹ́yìn ọdún kan. Ó di 216,000 lẹ́yìn ọdún méjì, 259,200 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó sì di 311,040 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìnáwó ti di ìlọ́po méjì, wọn ò sì fi nǹkan tuntun kún ohun tí wọ́n ń rà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ iye èlé tó máa fún yín, ẹ yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó wà ní 34.80%, Treasury Bills ọlọ́jọ́ 364, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fún ìgbà kúkúrú, ń san nǹkan bí 23%. Bí ọ̀wọ́ngógó bá dúró síbẹ̀, ẹni tó rà á máa pàdánù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójú ìwé. Síbẹ̀, ó sàn fún un ju ẹni tó fi tiẹ̀ sínú àkáǹtì lásán lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo owó tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ó kéré tán, ń wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ (RSA) lóṣooṣù, ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́wàá kún un. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàmójútó owó náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí PFA, kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ sápò. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni òfin gbé owó gan-an lé lọ́wọ́. Ẹ gba ìwé àkáǹtì yín, kí ẹ ka oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù tí ẹ bá rí tí nǹkan kan ò wọlé, ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n máa ń sọ pé kó lọ, kó bọ̀. Ẹ wo bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bá ti NIN mu, kí ẹ sì wo orúkọ ẹni tí ẹ fi ṣe ìbátan tó súnmọ́ yín jù lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú orúkọ lè dá owó èèyàn dúró.

Láti 2018 ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ orí pín àwọn tó ń dá owó yìí. Ẹni tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún wà ní Fund II, àfi bó bá fúnra rẹ̀ béèrè fún Fund I, níbi tí ṣíà ti pọ̀ jù lọ. Ẹni tó ti pé àádọ́ta wà ní Fund III, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Fund IV. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń ga ni ṣíà inú rẹ̀ ń dín kù, tí bọ́ǹdù ìjọba sì ń pọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ PFA yín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, òfin gbà yín láyè láti kó lọ sọ́dọ̀ òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Láti 2019 ni PenCom, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ṣí ètò kan fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí èèyàn lè máa dá iye tí agbára rẹ̀ bá ká, kó sì lè yọ nínú apá kan rẹ̀ kí ogbó tó dé. Ẹ máa dá àjọ yín lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n àjọ kì í bí sí i.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ pín owó ìpamọ́ yín yòókù, èyí tí kò sí lọ́dọ̀ PFA, sí ọ̀nà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹ máa nílò rẹ̀. Ká mú ẹnì kan tó jẹ́ ẹni ọdún 58, tó fẹ́ fẹ̀yìn tì láìpẹ́, tó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní ìpamọ́. Ó ń ná 150,000 lóṣù, ó sì retí pé pẹ́ńṣọ̀n òun máa jẹ́ 60,000. Ó ku 90,000 tó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá lóṣooṣù.

Apá kìíní ni owó ọdún méjì: 90,000 lọ́nà 24, ìyẹn 2,160,000. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, bíi money market fund, fixed deposit tàbí Treasury Bills. Tó bá jẹ́ báǹkì, ẹ rántí pé láti 2024, bí báǹkì ńlá kan bá wó, iye tí NDIC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe adójútòfò owó inú báǹkì, máa san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ní ti Treasury Bills, iwájú ni wọ́n ti ń san èlé. Bí wọ́n bá pe èlé ní 18%, ẹ máa san nǹkan bí 820,000 lónìí, wọn á sì fún yín ní mílíọ̀nù kan tí ọdún bá yípo. Èrè 180,000 lórí 820,000 ju 21% lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa rò pé ibòmíràn tó pe 20% ló sàn jù.

Apá kejì ni owó ọdún márùn-ún tó tẹ̀lé e: 90,000 lọ́nà 60, ìyẹn 5,400,000. Èyí ló yẹ kó wà nínú bọ́ǹdù. Bọ́ǹdù FGN Savings tí ìjọba àpapọ̀ ń tà lóṣooṣù láti 2017 kò le: 5,000 náírà lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń lò, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé rẹ̀ ń wọlé, ọ̀dọ̀ alágbàtà tó níwèé àṣẹ la ti ń rà á. Ẹ má fi gbogbo owó yìí rà á lọ́jọ́ kan. Ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún kan. Bí èlé bá gòkè, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á jẹ níbẹ̀. Bó bá já wálẹ̀, èyí tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ á ṣì máa san iye tó ga.

Ó wá ku 2,440,000. Èyí ni apá kẹta, owó tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún méje, mẹ́wàá. Òun ló máa bá ọ̀wọ́ngógó jà, torí náà ibẹ̀ ni ṣíà àti dọ́là ń gbé. Mo tẹnu mọ́ iye ọdún yẹn nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò Èkó. Ní oṣù Kẹta 2008, àpapọ̀ òǹkà ọjà náà lé ní 66,000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti pàdánù ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Àwọn kan ti yá owó báǹkì ra ṣíà, àwọn mìíràn ti kó owó ìfẹ̀yìntì wọn sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tà á ní owó pọ́ọ́kú torí pé ebi ò dúró de ọjà. Ọdún 2023 ni òǹkà náà tó padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì kọjá 100,000 ní oṣù Kìíní 2024. Ẹni tó ní oúnjẹ ọdún méje nílẹ̀ lè fara da irú ìjì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní in kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ṣíà.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ilé tí èèyàn ń gbé dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo ti rí àgbàlagbà tó ní pílọ́ọ̀tì mẹ́ta, tí kò rí owó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù. Ilẹ̀ kì í tà lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Lọ́dọọdún, ẹ padà sórí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá jèrè jù nínú apá kejì àti ìkẹta ni kí ẹ gé lára rẹ̀ láti fi kún apá kìíní. Bí ṣíà bá já wálẹ̀ lọ́dún náà, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ mú nínú bọ́ǹdù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú méjì. Programmed withdrawal máa ń fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ PFA, wọ́n á máa san án lóṣooṣù, ohun tó bá ṣẹ́kù sì jẹ́ ti àwọn ajogún. Annuity ni ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, wọ́n á máa san án títí ẹ̀mí fi bọ́. Lójú tèmi, nígbà tí ọ̀wọ́ngógó bá ga, ó léwu láti so ara ẹni mọ́ iye owó kan náà títí ayé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú programmed withdrawal ṣì lè ra annuity lọ́jọ́ iwájú, torí náà kò sí ìdí láti kánjú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yìí mọ́ yín lọ́wọ́ pẹ̀lú ìlérí èrè kíákíá. Ètò sogúndogójì MMM ṣèlérí 30% lóṣù, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá 2016. Òmíràn, CBEX, ṣèlérí ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì dàwátì ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹ béèrè lọ́wọ́ SEC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàmójútó ọjà ìdókòwò, bóyá ẹni tó wá bá yín ní ìwé àṣẹ. Bó bá ní kí ẹ yára kí àyè má bàa kún, ẹ sọ pé rárá.

A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Mi ò bá òwe yẹn jà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa náà wà nínú ọ̀wọ́ngógó yìí, àtèyí tó wà l'Ékòó àtèyí tó wà ní London. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe PFA yín, kí ẹ béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lọ́dọ̀ wọn. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.