Ṣíṣe Eré Orí Kọ̀ǹpútà Gẹ́gẹ́ Bí Ìgbafẹ́ àti Ìkọ́ni Ní Èdè Abínibí: Ẹ̀kọ́ Láti Kumasi

Ìfáárà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí Ìlànà Èdè ti Orílẹ̀-Èdè, tí ó pa á láṣẹ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà tí yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé a ti wọ́gi lé ìlànà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì padà di èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kì í ṣe èròńgbà iṣẹ́ yìí láti jiyàn lórí ìpinnu yẹn. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni pé bí àkókò èdè abínibí nínú kíláàsì bá ń dín kù, ó di dandan kí olùkọ́ èdè wo àkókò mìíràn tí ọmọ ní lọ́wọ́. Àkókò eré ni àkókò náà.

Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni ó ka eré orí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọmọ ń pè ní géèmù, sí ọ̀tá ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ máa gbá géèmù, ọ̀tọ̀ ni kí ó jókòó ṣe é. Ṣíṣe é ni iṣẹ́ yìí dá lé: eré kékeré tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì lè fi ìrọ̀lẹ́ àti àkókò ìsinmi ṣe, láìsí owó ọ̀yà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ láti Kumasi

Kumasi ni olú-ìlú Asante ní orílẹ̀-èdè Gánà. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Kwame Nkrumah wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1952, tí ó sì di yunifásítì ní 1961. Ní yunifásítì yìí ni Eyram Tawia ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn alàwòrán ni ó kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Nígbà tí ó sì kan iṣẹ́ àṣekágbá, eré orí kọ̀ǹpútà kan tí ó pè ní The Sword of Sygos ni ó ṣe. Ní 2009, òun àti Wesley Kirinya, ọmọ Kẹ́ńyà tí òun náà ti ṣe The Adventures of Nyangi, da ọwọ́ pọ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Leti Arts sílẹ̀. Lára àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n mú wọ inú iṣẹ́ wọn ni Ananse, tí ó jẹ́ fún àwọn Akan ohun tí Ìjàpá jẹ́ fún àwa Yorùbá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níhìn-ín. Èkíní, ìfẹ́ ni ó ṣáájú, owó ni ó tẹ̀ lé e. Èkejì, ẹni tí ó ń ṣe eré kò ní láti lọ yá ìtàn ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ó jẹ́ ti àwa olùkọ́ èdè: èdè wo ni ẹ̀dá-ìtàn náà ń sọ? Ìtàn lè ti ilé wá kí èdè rẹ̀ má bá a wá. Bí Ìjàpá bá wọ inú fóònù tí ó ń fọ Gẹ̀ẹ́sì, ìrìn rẹ̀ ni ọmọ yóò mọ̀, kò ní mọ ọgbọ́n ẹnu rẹ̀.

Ohùn: ibi tí eré ti ran olùkọ́ lọ́wọ́

Èdè olóhùn ni Twi tí wọ́n ń sọ ní Kumasi, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Nínú rẹ̀, pápá túmọ̀ sí ‘dára’, pàpá ni ‘bàbá’, pàpà sì ni ‘abẹ̀bẹ̀’. Àkọtọ́ Twi kì í fi àmì ohùn hàn. Papa ni wọ́n ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òǹkàwé ni yóò fi àyíká ọ̀rọ̀ mọ ìyàtọ̀. Àkọtọ́ tiwa ń lo àmì ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í fi í sí i. Ìṣòro kan náà ni: ojú nìkan kò tó láti kọ́ ohùn, etí gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré kan tí obìnrin kan wà ní oko, tí ó sì ń ké pé, “Ẹ bá mi gbé ọkọ́ wá.” Bí ẹni tí ń ṣeré bá yan ọkọ̀, ọkọ̀ ojú omi yóò gúnlẹ̀ sáàárín ebè, bí ó bá yan ọkọ, baálé ilé fúnra rẹ̀ ni yóò yọ. Ẹ̀rín yóò pa á, yóò sì tún un gbìyànjú láìsí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ṣe eré náà ni ó tilẹ̀ jèrè jù, nítorí òun ni ó ní láti gba ohùn sílẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé ohùn àti àmì bára mu.

Òfin ayò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ gírámà

Àwọn Asante ń ta oware bí àwa ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ ipò 889,063,398,406 wò nínú eré yìí, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣi ayò ta rárá, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Kọ̀ǹpútà mọ ìṣirò ayò dé òpin. Kò mọ ìyàtọ̀ ọ̀ta sí òpè, kò sì lè fi ẹnu dá ẹnikẹ́ni lágara níbi ọpọ́n. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni yóò fi èyí sí i.

Mo ní kí àwọn olùkọ́ tí mo ń kọ́ kọ òfin ayò sílẹ̀ ní Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: “Kó ọmọ inú ihò kan kí o pín in.” Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: apá ibo ni kí ó pín in sí? Bí ọmọ inú odù bá pọ̀ tó láti yí ọpọ́n ká, ṣé kí ó ju ẹyọ kan sínú ihò tí ó ti kó o? Lẹ́yìn àtúnṣe, a rí gbólóhùn bí èyí: “Bí ọmọ tí o jù kẹ́yìn bá sọ iye ọmọ inú ihò alátakò rẹ di méjì tàbí mẹ́ta, jẹ wọ́n.” Gbólóhùn àṣẹ àti awẹ́ gbólóhùn oní-‘bí’ tí a ti ń kọ́ láti ọdún pípẹ́ di ohun tí a nílò, nítorí kọ̀ǹpútà kì í bá ènìyàn ro ohun tí kò sọ.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Scratch, tí Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, a lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, a lè gba ohùn sílẹ̀ nínú rẹ̀, a sì lè fún àṣẹ tí a dá ṣe ní orúkọ Yorùbá. Níbi tí kọ̀ǹpútà kò ti tó tàbí tí iná kò dúró, kí a ya eré náà sórí ìwé tán kí ó tó kan ẹ̀rọ.

Kí a kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ bí ‘ẹ̀kọ́’ wò lójú ẹ̀rọ. Unicode ní ẹyọ kan fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́. Ńṣe ni a ń to àmì lé lẹ́tà lórí, àwọn ẹ̀rọ kan sì ń gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ.

Kí olùkọ́ sì ṣọ́ra fún ohun méjì. Eré tí ó jẹ́ kìkì ìbéèrè àti ìdáhùn, ìdánwò tí ó wọ aṣọ eré ni. Bí a bá sì sọ ìgbafẹ́ di iṣẹ́ tí a ń fún ní máàkì, ìfẹ́ tí ó bí i yóò kú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ṣíṣe eré kékeré orí kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ilé fún èdè abínibí níbi tí òfin ilé-ẹ̀kọ́ kò dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ mọ ẹ̀rọ, olùkọ́ gbọ́ èdè. Bí olùkọ́ bá dúró de ìgbà tí òun yóò mọ ẹ̀rọ tán, àwọn ọmọ yóò ti ṣe eré wọn, èdè mìíràn ni wọn yóò sì fi ṣe é.