Kò Sí Kòkòrò Nínú Eyín Yín, Ẹ̀yin Aboyún

Dókítà, oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Bí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní èrìgì mi, eyín kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún kì í sì í jẹ́ kí n sùn lóru. Ìyá ọkọ mi ní kòkòrò eyín ni, wọ́n ti bá ìyá kan sọ ọ́ lọ́jà, ẹni tí yóò kó o jáde. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín títí n ó fi bímọ. Ṣé kí n lọ bá ìyá náà? – Aboyún tó ń dààmú, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìyàwó wa, Ọlọ́run á sọ yín kalẹ̀ láyọ̀ o. Ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẹ má lọ.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò eyín yìí ti sú mi. Ìkẹ́rẹ́ ni o, Ìsẹ̀ ni o, Ẹ̀múrè ni o, ẹnu gbogbo yín kò ní ọ̀rọ̀ méjì: “Dókítà, wọ́n fi èéfín lé e, mo fojú ara mi rí i tó já bọ́ sínú igbá omi, ó funfun tín-ín-tín-ín!” Mo gbà pé nǹkan funfun já bọ́. Ibo ló ti wá ni ẹ kò béèrè. Ní Yúróòpù àtijọ́, wọ́n ń da èso ewéko olóró kan tó ń jẹ́ henbane sórí ẹyin iná, aláìsàn á ya ẹnu sí èéfín rẹ̀. Ooru á la èso náà, ọmọ inú rẹ̀ á yọ síta bí ìdin, wọ́n á ní kòkòrò eyín rèé. Bí ẹ bá da èso yẹn síná nínú yàrá tí kò sí ẹ̀dá kankan, “kòkòrò” náà á ṣì jáde.

Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1728, fi máíkírósíkóòpù wá kòkòrò yìí, kò rí ọ̀kan ṣoṣo. Ní 1890, W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé pé bakitéríà inú ẹnu ló ń sọ oúnjẹ aládùn di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń dá ihò sí eyín. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, “Ẹ ò rí i, kòkòrò náà ni!” Ẹ jọ̀wọ́, irú èyí kò ṣeé fi ojú rí, kò sì ṣeé kó sínú igbá. Súìtì Tom Tom tí aboyún ń lá láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí èébì, òun gan-an ni oúnjẹ bakitéríà náà.

Bí èéfín bá ti kùnà, ohun tó burú jù ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní kí ẹ tú tẹtirasáíkílìn, kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn, sínú ihò eyín. Aboyún kẹ̀! Oògùn yìí a máa wọ eegun àti eyín ọmọ inú lọ. Nígbà tí ọmọ bá hu eyín, ó lè rí yẹ́lò tàbí kó dúdú bí omi gbúre, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Omi bátìrì tí àwọn mìíràn ń dà sí i ńkọ́? Ásíìdì ni, ẹran ẹnu yín ló máa bó.

Ti ẹ̀jẹ̀ èrìgì kò le. Homóònù oyún ló ń jẹ́ kí èrìgì tètè wú bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejì, ó ń le sí i títí di oṣù kẹjọ, ó sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ má torí ẹ̀jẹ̀ dẹ́kun ẹnu fífọ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Orin ata kò burú, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ọṣẹ. Bí ẹ bá bì, ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ eyín.

Ta ló sì sọ pé aboyún kì í rí dókítà eyín? Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọ̀ wá lọ́rùn jù láti dí ihò tàbí yọ eyín, àárín rẹ̀ lẹ sì wà yìí. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń pa èrìgì kú kò ní pa ọmọ lára. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l’Adó, kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ oṣù tí oyún wà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara gbóná, tàbí tí ẹ kò lè gbé itọ́ mì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, oṣù yòówù kó jẹ́. Kí ìyá ọkọ yín bínú sí mi, kí wọ́n má bínú sí yín.

Nǹkan pupa kan hù láàárín eyín ìyàwó mi tó lóyún oṣù méje, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé jẹjẹrẹ ni? – Bàbá Ṣọlá, Ẹ̀múrè-Èkìtì

Bàbá Ṣọlá, ó jọ èyí tí oyún máa ń fà, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì máa ń súnkì lẹ́yìn ìbímọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín fojú rí i. Ẹ má fi òwú so ó, ẹ má gé e nílé. Bí tẹtirasáíkílìn bá sì wà nínú àpótí yín, ìyàwó yín kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.