Kí Ẹ Tó Fún Ẹ̀wù Lórúkọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtúmọ̀, ọ̀kan nínú yín gbé ojú ìwé mẹ́ta wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ìtàn àwọn atukọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ló ń túmọ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti yọ owó slops kúrò nínú owó iṣẹ́ atukọ̀ kan, ó sì kọ ọ́ pé wọ́n gba owó omi ìdọ̀tí lọ́wọ́ ọkùnrin náà. N kò bá a wí. Ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sọ fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni í ra omi ìdọ̀tí? Ibi tó ti yẹ kó dúró nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ni ti ìdọ̀tí. Èkejì, aṣọ ni. Geoffrey Chaucer, tó kú ní ọdún 1400, dárúkọ overslope nínú The Canterbury Tales: ẹ̀wù àwọ̀lékè kan tó ti ya, tó sì dọ̀tí. Nígbà tí ó fi máa kan Shakespeare, ṣòkòtò tó fẹ̀ rẹpẹtẹ ni slop tí Mercutio fi ń bá Romeo ṣẹ̀fẹ̀. Lórí ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, slops ni gbogbo aṣọ tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti tà fún àwọn atukọ̀ láwìn: ẹ̀wù, ṣòkòtò, àní aṣọ ibùsùn pàápàá. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ti ní aṣọ iṣẹ́ tiwọn láti ọdún 1748. Àwọn atukọ̀ lásán kò ní títí di ọdún 1857. Aṣọ àwìn yìí ló bo ìhòòhò ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1849, nígbà tí Henry Mayhew ń kọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn Morning Chronicle ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ sílé àwọn obìnrin tó ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí owó ọ̀yà wọn kò tó jẹun. Slop ti wá di orúkọ iṣẹ́ ìyà nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ má wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún un. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí ìwé náà ń sọ, kí ẹ wo ta ló wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwọn apẹja Norfolk, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Slop tiwọn, ẹ̀wù iṣẹ́ ni, kánfáàsì ni wọ́n fi rán an, wọ́n sì pa á láró pupa rúsúrúsú. Mo mú àwòrán rẹ̀ lọ bá télọ̀ àdúgbò mi. Bàbá yẹn wò ó títí, ó ní, "Kò ní bọ́tìnnì níwájú. Ẹni tó bá ń fa àwọ̀n, bọ́tìnnì á máa há sí i." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé apẹja náà ṣí ẹ̀wù rẹ̀ níwájú. Ó bọ̀ ọ́ sọ́rùn ni. Ìwé atúmọ̀ èdè wo ló máa sọ ìyẹn fún yín?

Mo mọ̀ pé gbérí á máa wù yín lò. Ẹ̀wù iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ọdẹ ni. Bí ẹ bá fi wọ apẹja Norfolk, igbó àti oògùn ni òǹkàwé yóò rí, kò ní rí òkun. Dàńṣíkí ńkọ́? Ọwọ́ Haúsá la ti gbà á, òǹkàwé òde òní yóò sì rí iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ kí ó tó rí òógùn. Bùbá ló sún mọ́ ọn jù ní rírán, àmọ́ òde là ń wọ bùbá lọ. Èmi, "ẹ̀wù kánfáàsì tí wọ́n fi ń pẹja" ni mo kọ. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa pè é ní ẹ̀wù lásán lẹ́yìn náà. Ẹ má dá ìtàn dúró nítorí àlàyé.

Ọmọ tó gbé ojú ìwé mẹ́ta wá ti padà dé. Gbólóhùn rẹ̀ kà báyìí: "Wọ́n yọ owó aṣọ tó rà láwìn nínú ọkọ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ̀." Ó tọ̀nà. Mo ti fọwọ́ sí i.