Ta Ló Rọ́pò Ta?

Ètò àgbẹ̀ kan ló ń lọ lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà dé orí àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń tún katakata àtijọ́ ṣe fún ìdíje, ó wá ní: "Wọ́n rọ́pò ẹ́ńjìnì àtijọ́ pẹ̀lú òmíràn tó lágbára." Mo pa rédíò. Ìtàn náà dùn, mo tún tàn án, àmọ́ ara mi ti bù máṣọ.

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó wọ dàńṣíkí ni "rọ́pò pẹ̀lú" yìí. Nínú Yorùbá tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà, ẹni tó dé ló ń rọ́pò ẹni tó lọ. Àbúrò rọ́pò ẹ̀gbọ́n lórí oyè. Ẹni tó ń jẹ́ Adérọ́pò, adé ló wá jókòó síbi tó ṣófo. Kò sẹ́ni tó ṣí adé kúrò lórí ẹnikẹ́ni. Bó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣètò ọ̀ràn náà, "fi" wà nílẹ̀ tó ń retí iṣẹ́: wọ́n fi tuntun rọ́pò àtijọ́. Ó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó padà sí kíláàsì tó ti kọ́ nípa ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Mo, o, ó, wọ́n: àwọn ló ń jókòó sípò orúkọ tí a kò fẹ́ máa pè lápètúnpè. Bó bá jẹ́ gírámà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ló tọ̀nà ni, arọ́pò-orúkọ ì bá jẹ́ akọ̀wé kóòtù tó ń bá àwọn èèyàn yí orúkọ padà.

Èwo ni "rọ́" inú "rọ́pò"? Kì í ṣe èyí tí ẹsẹ̀ ń rọ́, kì í sì í ṣe ti ìtàn rírọ́. Lójú tèmi, òun ni "rọ́" tí èrò máa ń rọ́ wọnú ọkọ̀, tí a sì ń ní kí ẹnì kan rọ́ sẹ́yìn díẹ̀: kí nǹkan sún títí yóò fi wọ àyè tó ṣí sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ipò ti wà kí arọ́pò tó dé. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń lọ, ipò kì í lọ síbì kankan. Ìbátan rẹ̀ ni "dípò", ẹni tó dí ipò bí a ṣe ń dí ihò, àmọ́ ìyẹn ti di ti àwọn tó ń fi ohun kan sílẹ̀ ṣe òmíràn: dípò kó sùn, ijó ló ń jó.

Ẹ jẹ́ ká wá fi katakata dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Láàárín 1939 sí 1952 ni ilé iṣẹ́ International Harvester ṣe Farmall M. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju bíi lítà 4 lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe Farmall 450, tí tirẹ̀ jẹ́ bíi lítà 4.6, tó sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ti M. Àwọn olùdíje wá ń fi ti 450 sínú M. Ó bá ojú ihò bóòtù mu, bóńẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó dúró níta kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Rọ́pò gidi nìyẹn.

Ti àwọn ìbejì Joe àti Howard Funk kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Bàálù kéékèèké ni wọ́n ń ṣe ní Coffeyville, ní Kansas. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà bàálù dẹnu kọlẹ̀, wọ́n wá ń ṣe irin tí a fi ń so ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Ford mọ́ katakata Ford 8N. Onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin ni 8N, agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 27 lọ. Ẹ́ńjìnì V8 tí wọ́n ń gbé sí i tó ẹṣin 100! Àmọ́ V8 kò gbà níbẹ̀. Àfi kí wọ́n gbé bóńẹ́ẹ̀tì sókè, kí wọ́n fi irin tuntun so ó mọ́ jíà. Jíà yẹn ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹṣin 27 náà ni. Ṣé a lè pe ìyẹn ní rọ́pò nígbà tó jẹ́ pé ipò gan-an ni wọ́n tún kọ́? Àwọn mẹkáníìkì tiwa kì í dààmú ara wọn: "Wọ́n gbé V8 sí i." Mo fara mọ́ wọn.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tún sọ pé wọ́n "ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ́ńjìnì." Rárá o. Pàṣípààrọ̀ gba ẹni méjì: mú tìrẹ wá, gba tèmi. Ọkọ̀ wo ló gba ẹ́ńjìnì ẹṣin 27 yẹn lọ sílé?

Èyí tó wá le jù ni orúkọ tó pe ìdíje náà: "ìdíje fífa katakata." Ta ló ń fà á? Katakata ló ń fà! Láti 1929 ni wọ́n ti ń ṣe é, Bowling Green ní Ohio sì wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Katakata yóò fa ọkọ̀ ẹrù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní táyà, tí iwájú rẹ̀ ń fi irin ha ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ẹrù orí rẹ̀ ń rọ́ bọ̀ níwájú, títí ilẹ̀ yóò fi gbá a mú. Fífà ló bẹ̀rẹ̀, wíwọ́ ló parí sí. Ẹni tó bá wọ́ ọ dé nǹkan bíi mítà 91 ti ṣe gudugudu méje. Ìdíje ká fi katakata fa ẹrù ni kí wọ́n máa pè é.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí: katakata ńkọ́? Àwọn kan ní ara Caterpillar ló ti yọ, ilé iṣẹ́ tí Holt àti Best da ara wọn pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, tí ẹ̀rọ wọn ń fi ṣéènì rákò. Àwọn mìíràn ní ariwo ẹ́ńjìnì ni. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, 8N onítáyà rọ́bà kì í ṣe katakata rárá. Ta ló bìkítà? Ọ̀rọ̀ náà ti borí, èmi náà sì ti ń lò ó láti òkè ìwé yìí.

"Rọ́pò pẹ̀lú" náà ti fẹ́ borí o. Ó ti gbilẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, níbi tí kóòṣì ti ń "rọ́pò Músá pẹ̀lú Àjàyí" lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀ láìbèèrè pé Músá ló ń lọ jókòó. Mo ti fi ti bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn.